Bàbá mi fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀ ojú irin, wọn ò fọwọ́ kan ọkọ̀ ìṣeré tí a rà fún wọn

Olùbéèrè:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 36 ni bàbá mi fi wa ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n kọ́kọ́ wà kí wọ́n tó bọ́ sórí ọkọ̀ èrò. Oṣù mẹ́rin rèé tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Èmi àti àwọn àbúrò mi dáwó jọ, a ra ọkọ̀ ojú irin kékeré fún wọn, èyí tó ń lo iná, tó ní irin tirẹ̀ tí wọ́n ń tò yípo. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ṣàdúrà fún wa, wọ́n gbé páálí rẹ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ló wà títí di òní.

Tó bá ti di aago mẹ́ta òru, wọ́n á ti jí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá wọn létí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti wọ bàtà, wọ́n ń wo ògiri. Mo ní, "Bàbá, ibo lẹ̀ ń lọ?" Wọ́n ní, "Kò síbì kankan." Kí ni ẹni tó ti fi ọkọ̀ ojú irin lo ayé rẹ̀ lè máa fi pa ìrònú rẹ́? Àbí ká kúkú fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sinmi?

* * *

Ọdún 34 ni èmi fi wà nílé sígínà, níbi tí a ti ń fún ọkọ̀ láṣẹ láti kọjá, ọdún kẹfà rèé tí mo ti kúrò níbẹ̀. Ẹgbẹ́ mi ni bàbá rẹ, nítorí náà má bínú bí o bá rí i pé mò ń pè é ní "ó".

Ẹ̀bùn yín dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ rà á lẹ gbádùn rẹ̀. Gbogbo ilé ló máa ń ṣe àṣìṣe yìí. Wọ́n á ní, "Réluwé ló ṣe, ẹ bá a ra réluwé." Iṣẹ́ kan ṣoṣo kọ́ ni réluwé. Awakọ̀ wà níbẹ̀, gáàdì wà níbẹ̀, àwọn fítà wà ní wọ́ọ̀kìṣọ́ọ̀pù, àwọn tó ń tọ́jú irin wà lójú ọ̀nà, àwa náà sì wà lókè nílé sígínà. Ohun tí oníkálukú ń rí láti ojú fèrèsé tirẹ̀ yàtọ̀ síra.

Wò ó dáadáa: awakọ̀ kì í rí ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ wà. Ohun tí bàbá rẹ fi ọdún 36 wò ni irin méjì níwájú rẹ̀, ibi tí ọ̀nà ti gòkè, ibi tó ti tẹ̀, ibi tí sígínà ti máa yọ, àti ibi tó ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í fa bíréèkì. Ọkọ̀ tí ẹ gbé fún un, bí ọmọdé tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà tó ń juwọ́ ṣe ń rí i ni. Òun kọ́ ló ń juwọ́. Òun ni wọ́n ń juwọ́ sí.

Àwa onísígínà ni ọkọ̀ kékeré máa ń bá lára mu. Láti òkè la ti ń wò wọ́n, àwòrán gbogbo ojú irin wà níwájú wa, ọkọ̀ kan ń bọ̀ láti apá ọ̀tún, òmíràn dúró ní apá òsì, àwa la sì mọ èyí tó máa kọ́kọ́ kọjá. Bó o bá gbé páálí yẹn wá sọ́dọ̀ mi, kì í dé orí kọ́bọ́ọ̀dù.

* * *

Mo rí i pé èèyàn mẹ́ta ti kọ ọ́ pé kí ẹ fi bàbá sílẹ̀ kí ó sinmi, pé iṣẹ́ ti tó. Ọ̀kan tiẹ̀ ní ẹ̀yin ọmọ òde òní ò lè rí àgbàlagbà tó jókòó kẹ́ẹ má wá nǹkan fún un ṣe.

Ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fara mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó, kó jókòó. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ bàtà ní aago mẹ́ta òru kò jókòó sinmi, ọkọ̀ ló ń dúró dè. Ṣíìfù ló ṣì wà nínú ara rẹ̀. Èmi náà ṣe é fún bí oṣù mẹ́jọ. Lọ́sẹ̀ yìí aago mẹ́fà àárọ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ aago mẹ́wàá alẹ́, fún ọdún 34. Kò sí ara tí kò ní dàrú. Wọ́n ti fún ọ ní ìwé ìfẹ̀yìntì, wọ́n ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ti ya fọ́tò, ara rẹ kò gbọ́.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ kò ju mẹ́ta lọ. Mo ń jí ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, bí mo tiẹ̀ ti pẹ́ kí n tó sùn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ mo máa ń jáde síta, nítorí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tó ń wọ ojú ni aago inú ara fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Mo sì jáwọ́ nínú oorun ọ̀sán onígun méjì, ìyẹn èyí tí èèyàn á sùn títí di àṣálẹ́ tí á wá máa bínú pé oorun kò wá lóru. Bó bá jẹ́ pé ó ń hanrun, tí èémí rẹ̀ á dá dúró díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ mọ́, ẹ mú un lọ bá dókítà. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ń gbé e kiri láìmọ̀.

Ẹ sì ṣe àyẹ̀wò etí fún un kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn. Ariwo tó bá ti tó decibel 85 fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ń ba etí jẹ́, ẹ̀rọ dísùú àti fèrè ọkọ̀ sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ ọkùnrin kan tí wọ́n ní ó ti ń di olóríkunkun lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, pé bí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀ kì í dáhùn. Kò gbọ́ ni.

* * *

Ẹnìkan fèsì sí mi, ó ní: "Irọ́ lẹ̀ ń pa o. Bàbá ìyàwó mi wa ọkọ̀ fún ọdún 29, ọkọ̀ kékeré tó wà nínú yàrá wọn ò lóǹkà. Awakọ̀ ni wọ́n, wọn kì í ṣe onísígínà."

Ó dáa, mo gba ìbáwí. Mo bi í ní ìbéèrè kan padà: ṣé bàbá yẹn máa ń wò wọ́n ni, àbí ó ń wà wọ́n? Èsì tó wá pa mí lẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ó ní bàbá náà ti so kámẹ́rà kékeré kan mọ́ iwájú ẹ̀ńjìnnì, pé ojú fóònù ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n bá ń wa ọkọ̀ náà, wọn kì í wo tábìlì rárá. Wọ́n á jókòó sórí àga kan náà, wọ́n á kọjú sí ògiri.

Ojú fèrèsé awakọ̀ náà ló ń wá.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ dábàá iṣẹ́ ọgbà, ẹ rọra. Orúnkún ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ abẹ́ irin kì í ṣe orúnkún tí èèyàn ń kúnlẹ̀ lé lórí. Ẹ gbé ilẹ̀ ọgbà náà ga sókè kí ó lè máa dúró ṣe é, ìyẹn dára.

Ibi tí ìjà wà ni ohun tí ẹ máa fi gbé e ga. Mo ti rí i pé ẹni méjì ti ń gba ara wọn nímọ̀ràn níbí pé kí wọ́n lo àwọn pákó abẹ́ irin tí wọ́n ti yọ kúrò lójú ọ̀nà. Pákó náà wúwo, kò ní ìkán, ó pẹ́, ó sì máa ń wu òṣìṣẹ́ réluwé láti rí i nínú ọgbà rẹ̀. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín ìdí tí ìkán ò fi jẹ ẹ́. Creosote ni wọ́n rì í sí, ohun dúdú tí wọ́n ń sẹ́ láti ara ọ̀dà èédú. Òun ló ń rùn tí oòrùn bá mú, òun ló ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ó lè fa jẹjẹrẹ, ó máa ń bó awọ, ó sì lè wọ inú ilẹ̀ tí ẹ gbin ewébẹ̀ sí. Bí ẹ bá fi pákó yẹn dáná, ẹ ti fa májèlé símú.

Ẹni tó kọ́kọ́ dá a ní àbá wá fèsì pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń lò ó, pé nǹkan kan ò ṣe òun. Mi ò bá a jiyàn lórí ara rẹ̀. Ohun tí mo sọ ni pé kó gbin òdòdó síbẹ̀, kó má gbin ohun tí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ máa jẹ. Ó ní mo ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń dẹ́rù bà wọ́n.

* * *

Ẹ ti bi mí pé kí ni èmi ń ṣe. Aago ni. Aago ògiri tó ní ọ̀pá tó ń fì.

N kò lọ wá a. Oṣù kẹta tí mo délé ni aago kan tó jẹ́ ti bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣẹ́jú méjì sẹ́yìn lójúmọ́. Ẹni tó ti fi ọdún 34 kọ àkókò ọkọ̀ sínú ìwé kò lè gbé nínú ilé tí aago ti ń fi ìṣẹ́jú méjì sẹ́yìn. Mo ṣí i. Ìsàlẹ̀ ọ̀pá tó ń fì yẹn ní nọ́ọ̀tì kékeré kan. Bó o bá yí i sókè, ìwúwo á gòkè, ọ̀pá á kúrú, aago á yára. Bó o bá yí i wálẹ̀, á falẹ̀. Mo yí i ní ìdajì, mo dúró wákàtí 24, mo wò ó, mo tún yí i díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sùn dáadáa lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì. Òfin rẹ̀ rọrùn: ọ̀pá tó gùn tó sẹ̀ńtímítà 99 àti díẹ̀ ló ń fì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó ń fì bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí ohun tí mo lè fi wé ayọ̀ pé o gbé ọwọ́ lé nǹkan kan tó sì gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu.

Aago àti réluwé, ọmọ ìyá ni wọ́n. Kí réluwé tó dé, oníkálukú ìlú ló ní agogo ọ̀sán tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ réluwé Great Western ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé àkókò London ka gbogbo ìdíkọ̀ rẹ̀ lọ́dún 1840, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe lè kọ ìwé àkókò ọkọ̀ bí aago ìlú kọ̀ọ̀kan bá yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1891, ọkọ̀ méjì forí sọ ara wọn ní Kipton, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Wọ́n ní aago àpò awakọ̀ kan ti dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé oníṣòwò aago kan tó ń jẹ́ Webb C. Ball dìde láti ṣètò irú aago tí òṣìṣẹ́ réluwé gbọ́dọ̀ máa lò: kò gbọ́dọ̀ fi ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá sẹ́yìn tàbí síwájú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn aago yẹn ṣì wà kiri, àwọn tó ń kó wọn jọ sì pọ̀. Bí bàbá rẹ bá ní aago iṣẹ́ tó ti kú nínú dúrọ́ọ̀ kan, ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ mú wá sórí tábìlì, má mú páálí wá.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù, tí mi ò tíì ní, ni aago ìdíkọ̀ àwọn ará Switzerland tí Hans Hilfiker ṣe lọ́dún 1944. Ọwọ́ pupa tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá á sáré yípo ní bíi 58 dípò 60, á wá dúró jẹ́ẹ́ lókè, á máa retí àṣẹ láti ara aago ńlá kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe rí i ni mo sọ pé onísígínà ni ọwọ́ yìí.

Ìyàwó mi ní kí n kọ ọ́ síbí pé aago méje ló wà nínú ilé wa báyìí, pé wọn kì í lù pa pọ̀. Òótọ́ ni. Iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀.

* * *

Olùbéèrè: Ẹ ṣé, sà. Ẹlòmíràn sọ fún mi níkọ̀kọ̀ pé kí a wá ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọkọ̀ ojú irin àtijọ́, kí bàbá lọ máa fi ara wọn jìn síbẹ̀. Kí lẹ rò?

Bó bá wà nítòsí yín, kó lọ lónìí. Ní Wales, ojú irin kan wà tó ń jẹ́ Talyllyn. Àwọn tó gbà á lọ́dún 1951 nígbà tó fẹ́ kú, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn ló sì kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ láyé. Láti ìgbà yẹn ló ti tàn káàkiri. Ṣùgbọ́n ṣe ìkìlọ̀ kan fún un kó tó lọ. Wọn kì í fi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sórí ẹ̀ńjìnnì. Aṣọ ìnulẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa gbé fún un, yálà ó wakọ̀ ọdún 36 tàbí kò wà á rí. Àwọn awakọ̀ kan ti bínú kúrò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn fítà kì í bínú. Bí wọ́n bá ti fún fítà ní ohun tó bàjẹ́, ilé ti tù ú.

Bí kò bá sí nítòsí, ẹ fi sílẹ̀.

Ohun tí mi ò fẹ́ rárá ni àbá ẹni tó ní kí ó máa lọ ya fọ́tò lẹ́bàá irin "nítorí ó mọ ọ̀nà." Ọ̀nà tó mọ̀ ni ti ọjọ́ tó ń ṣiṣẹ́. Ìwé àkókò ọkọ̀ ti yí padà, kò sẹ́ni tó máa pè é sọ fún un. Ọkọ̀ oníná ti òde òní kì í pariwo, etí rẹ̀ sì ti rẹ̀. Ọkọ̀ ẹrù tó ń sá 90 kìlómítà ní wákàtí kan lè lọ ju kìlómítà kan àti ààbọ̀ kó tó dúró lẹ́yìn tí wọ́n bá fa bíréèkì pátá. Òun gan-an ló mọ èyí jù wá lọ. Kó ya fọ́tò láti orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tàbí láti ìdíkọ̀, bí gbogbo èèyàn.

* * *

Ìyá kan kọ̀wé pé wàhálà tòun kì í ṣe ìgbafẹ́, pé láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ òun ti fẹ̀yìn tì délé ló ti ń pàṣẹ. Ó ń wo ìgbà tí oúnjẹ jinná, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ń nawọ́ sí nǹkan.

Mo fẹ́ gbèjà nínawọ́ sí nǹkan. Ní Japan, awakọ̀ máa ń nawọ́ sí sígínà, á sì pè é jáde lẹ́nu kó tó kọjá, bó tiẹ̀ jẹ́ òun nìkan ló wà níbẹ̀, kí ojú, ọwọ́ àti ẹnu lè jọ jẹ́rìí. Àwa náà ń ṣe é lọ́nà tiwa. Ní alaalẹ́ mo máa ń nawọ́ sí sítóòfù, mo á ní, "Ó ti kú." Mo á nawọ́ sí ilẹ̀kùn, "Ó ti tì." Ọmọ mi obìnrin fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún kan. Ó ti ń ṣe é báyìí.

Kíkọ àkókò oúnjẹ sílẹ̀ ni kó jáwọ́ nínú rẹ̀. Ìyá, ẹ gba ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

* * *

Ó kù díẹ̀ kí n kọjá lórí ọkọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ìbéèrè pọ̀ lórí rẹ̀, mi ò sì lè purọ́ pé n kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà.

Ìwọ̀n méjì ló wọ́pọ̀ jù. Èyí tí wọ́n ń pè ní HO, ó fi ìgbà 87 kéré sí ọkọ̀ gidi, àlàfo àárín irin rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 16.5. Èyí tí wọ́n ń pè ní N fi ìgbà 160 kéré, mìlímítà 9 ni àlàfo tirẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á ní N ni kẹ́ ẹ rà torí àyè. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ojú ẹni 60 ọdún kì í rí ohun tó wà nítòsí dáadáa mọ́, ọwọ́ náà á sì máa gbọ̀n díẹ̀. Kóòṣì tó gùn ní mítà 26 lójú ayé, á jẹ́ nǹkan bíi 30 sẹ̀ńtímítà ní HO, 16 péré ní N. Gbígbé kẹ̀kẹ́ wọn sórí irin, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni.

Èkejì ni eré sísá. Àwọn ọmọdé máa ń ṣí iná pátá. Ọkọ̀ HO tó bá sá mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí a bá sọ ọ́ di ti ayé, ó ti lé ní 310 kìlómítà ní wákàtí kan. Ta ló fún un láṣẹ? Ọkọ̀ tó ń sá ọgọ́rùn-ún, sẹ̀ńtímítà 32 ni kó máa lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti àwọn ọkùnrin méjì kan ṣe ń sá a ní Sátidé. Ìdíkọ̀ méjì la ní, ẹnì kan wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kẹta ń wa ọkọ̀, a sì ní agogo láàárín. Ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ń lò: ẹyọ kan, "Ṣé o wà níbẹ̀?" Ẹ̀ẹ̀mejì, "Ọkọ̀ ti wọ ojú irin tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ." Ẹ̀ẹ̀mejì, kí o dákẹ́, kí o tún lu ẹyọ kan, "Ó ti jáde." A kì í sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ní ibi tí ọkùnrin mẹ́ta ti jókòó fún wákàtí méjì láìsọ̀rọ̀, bí ilé ọ̀fọ̀ ló rí. Òun ò mọ̀ pé a ti sọ̀rọ̀ tán.

Ẹni tó bi mí nípa iná: ti àtijọ́, bí o bá ti yí nǹkan, fólìtì tó ń lọ sínú irin ló ń pọ̀ tàbí dín kù, títí dé bíi 12, gbogbo ẹ̀ńjìnnì tó wà lórí irin yẹn á sì jọ gbéra. DCC, ìyẹn ti òde òní, yàtọ̀. Iná kún inú irin nígbà gbogbo, ẹ̀ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, èyí tó o bá pè ló ń dá ọ lóhùn. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo lẹ ní, má náwó sí DCC.

Àti pé, olùbéèrè, ṣe ohun kan fún mi. Má bi bàbá rẹ pé "Kí lẹ fẹ́ máa ṣe?" Kò mọ̀. Bi í pé lójú ọ̀nà tó ń wà, ibo ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fa bíréèkì kó tó dé ìdíkọ̀ tó le jù. Gbé ìwé àti pẹ́ńsù sítòsí, kí o sì jókòó. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà sórí kí wọ́n tó jẹ́ kó dá wakọ̀ níbẹ̀, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀, lọ́sàn-án, lóru, nínú kùrukùru. Ìmọ̀ yẹn wà lórí rẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó ń bi í.

* * *

Olùbéèrè:

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mo ti dákẹ́, ẹ má bínú. Mo bi wọ́n bí ẹ ṣe ní kí n bi wọ́n. Wọ́n wò mí bíi pé mo mu nǹkan. Wọ́n wá ní, "Wàá rí igi kan lápá òsì, bó tiẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti gé e." Wọ́n sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì ó lé. Wọ́n yọ kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá kúrò lára ògiri, wọ́n yàwòrán sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó kún, wọ́n lẹ òmíràn mọ́ ọn. Ó ti di ìwé mẹ́ta báyìí, afárá mọ́kànlá ló wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n bá wọn gbé páálí wálẹ̀. Wọ́n tú u, wọ́n to irin, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ta ló tẹ irin báyìí?" Wọ́n mú téèpù, wọ́n wọ̀n ọ́n láti àárín dé etí: sẹ̀ńtímítà 36. Wọ́n ṣírò rẹ̀. Wọ́n ní ìyẹn ò ju mítà 31 lọ lójú ayé, pé kò sí ọkọ̀ tí wọ́n wà rí tó máa gba ibẹ̀ kọjá láìṣubú, pé ẹni tó ta á fún wa fẹ́ pa èèyàn.

Wọ́n ti kó gbogbo irin tó tẹ̀ padà sínú páálí. Àwọn tó gùn nìkan ni wọ́n fẹ́. Ògiri yàrá àlejò gùn ní mítà mẹ́rin àti díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tẹ́ pákó sí, kí ọkọ̀ máa lọ kó máa bọ̀. Wọ́n fẹ́ gbé òkè kan sí i, bí ti ojú ọ̀nà wọn gan-an: mítà kan sókè ní gbogbo mítà 80. Ṣé ó ṣeé ṣe? Àbúrò mi ní kí wọ́n kúkú gbé irin kan gba orí èkejì.

Aago mẹ́ta ni wọ́n ṣì ń jí o. Ṣùgbọ́n ìdí tábìlì ni mò ń bá wọn báyìí, wọn kì í wọ bàtà.

* * *

Sọ fún àbúrò rẹ pé kí irin kan tó lè gba orí èkejì ní HO, ó gbọ́dọ̀ ga tó sẹ̀ńtímítà méje sí mẹ́jọ. Bí òkè náà bá jẹ́ mítà méjì nínú ọgọ́rùn-ún, tó ti ga jù lójú bàbá rẹ, mítà mẹ́rin ni wọ́n máa fi gun un. Ògiri ti tán nìyẹn, ọkọ̀ kò tíì sọ̀kalẹ̀.

Ti bàbá ṣeé ṣe. Mítà kan nínú 80, lórí mítà mẹ́rin, sẹ̀ńtímítà márùn-ún péré ni. Ṣùgbọ́n kó má gbé òkè náà sókè lójijì. Kó jẹ́ kí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ìdè kóòṣì má baà tú. Kó fi ìdíkọ̀ sí ìsàlẹ̀, níbi tó tẹ́jú, torí kóòṣì kékeré ò ní bíréèkì, gbogbo rẹ̀ ló máa yí wá bá a.

Bá mi bi í ní ohun kan. Lórí òkè tó ń sọ yẹn, ṣé sígínà wà ní àárín rẹ̀? Bó bá wà, kó fi ọ̀kan síbẹ̀, kí ọkọ̀ máa dúró kó tó tún gbéra pẹ̀lú ẹrù. Ibẹ̀ ni èèyàn ti ń mọ awakọ̀.

* * *

Olùbéèrè:

Mo ka èsì yín sí wọn létí. Wọ́n ní sígínà wà níbẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní ọdún 36 ni wọ́n fi dúró nídìí rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, tí wọ́n á máa retí kó ṣí, pé ẹ̀yin tí ẹ wà lókè tí ẹ ń mu tíì lẹ mọ ìdí tí kì í fi í tètè ṣí. Wọ́n ní kí n gba nọ́ńbà yín.